Owó Iṣẹ́ Ilé Mummy Marvellous àti Ẹsẹ̀ Àsmá'ù

Ìṣẹ́gun, 24 Júùnù

POP kejì rèé, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ọmọ ní ọsibítù kó lè tọ́. Àsmá'ù ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Sístà tó ń di ẹsẹ̀ fún un di ọmọ ìka rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ wò ó, Ìyá Àsmá'ù, ẹsẹ̀ yìí ti ń gbọ́ràn. Bó ṣe wọ́ sínú níjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e wá kọ́ ló wà mọ́." Mẹ́fà la máa ṣe, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ já láàárín. Ó ní egungun ọmọ oṣù mẹ́rin ṣì rọ̀, bó ṣe ń yára tọ́ náà ló ń yára padà.

₦7,000 fún POP àti òwú. ₦1,600 owó ọkọ̀ àtilọ àtibọ̀. Ó ku ₦2,300 lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni oṣù pé nílé Mummy Marvellous tí mò ń bá tún ilé ṣe, ogójì ẹgbẹ̀rún náírà. Á gbé POP mẹ́rin tó kù, á tún ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé.

Ọjọ́rú, 25 Júùnù

Mummy Marvellous kò lọ sí ọ́fíìsì lónìí. Mo dé bá ẹní tuntun kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Ìyá Àsmá'ù, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ jàre, kí ẹ̀yìn ẹ sinmi. Gbé e wá, èmi náà á gbé e." Wọ́n nawọ́.

Mo ní ó ti sùn, pé bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ á bú sẹ́kún. Ọmọ tó lajú kalẹ̀ tó ń wò wọ́n! Wọ́n ká ọwọ́ wọn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí wọ́n ti nawọ́ sí i.

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá tú ọ̀já, POP á hàn, itan ló dé. Ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i, pé ọmọbìnrin ni, irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń bá ọmọbìnrin délé ọkọ. Mummy Marvellous náà lè rí i kí wọ́n ní kí n má gbé ohun tí àwọn ò mọ ìdí ẹ̀ wá sílé àwọn mọ́. Ẹ̀yìn mi ló ń gbé láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kàn ń ti ìgbálẹ̀ wọ abẹ́ ibẹ̀ ni, ohun tó bá bá a jáde ni mò ń kó. Ẹ̀yìn fíríìjì, mi ò débẹ̀ rí. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́.

Jímọ̀, 27 Júùnù

Iṣẹ́ òní dùn mọ́ mi. Mummy ní kí n fọ àwọn ìkòkò tí àbúrò wọn fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, pé àwọn ní àlejò lọ́jọ́ Àìkú. Mẹ́ta ni. Ìta wọn pupa, ó rẹwà, ṣùgbọ́n inú wọn dúdú kirikiri bíi pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń jó ẹ̀bà mọ́ ọn. Mo sáré délé lọ bu eérú nídìí ààrò Bàbá Fárìndé onílé wa, mo mú kànhìnkàn, mo ha á, mo ha á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Funfun yọ! Mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú fèrèsé kí oòrùn lè tàn sí i, kí wọ́n lè rí i bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Èyí nìkan á bo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mi ò gbá mọ́lẹ̀.

Ajé, 30 Júùnù

Wọn ò sanwó.

Wọ́n pè mí sí kíṣìnì. "Kifayah, kí lo fi fọ ìkòkò mi?"

Ẹ̀rín ni mò ń rín, mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí. "Eérú ni, Mummy. Ẹ rí i bó ṣe ń dán?"

"Ó ń dán! Jésù ò! Nọ́ọ̀nsítíìkì ni! Dúdú yẹn ni wọ́n ń ra ìkòkò yẹn fún! Òun ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn! Nísinsìnyí ẹyin lásán tí mo bá dín sínú ẹ̀, ó di kí n fi ọ̀bẹ yọ ọ́."

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Taa ló ń fi owó ra dúdú?

Wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n gbé etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀gbin abẹ́ ibẹ̀ ti ká bí irun àgùntàn. Ìbọ̀sẹ̀ Marvellous ọmọ wọn wà níbẹ̀. Èkúté kan ti gbẹ síbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí a dé ẹ̀yìn fíríìjì.

"Oṣù kan gbáko lo fi ń nu ibi tójú mi lè rí nìkan. Mi ò ní sanwó iṣẹ́ tí o ò ṣe. Máa lọ."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mummy, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́hun."

"Dìde ńlẹ̀. Ẹni tí o ò fọkàn tán, ṣé òun lò ń kúnlẹ̀ fún?"

Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo rìn délé. Lọ́la ni POP kẹta.

Ìṣẹ́gun, 1 Júlàì

Mùsílímátù ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìyànà Ọ̀fà yá mi ní ₦6,000 nínú owó àjọ ẹ̀. Ìyókù, mo tú u nínú ike sẹ́ńjì. A lọ. POP kẹta bọ́ sí i. Sístà ní ẹsẹ̀ ti dé ìdajì ọ̀nà. Alhamdulillah.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júlàì

Òjò láti òwúrọ̀. Kọ́ńgò gààrí di ₦1,100. Mo ra ìdajì.

Sátidé, 5 Júlàì

Ǹ bá má tẹ̀lé Mùsílímátù.

Ó ní, "Ìwọ Kifayah, ojú ẹ ti rọ̀ jù. Ojú rírọ̀ kì í gbowó iṣẹ́. Tẹ̀lé mi, máa wòran." Mo ní kí a rọra o. Ó ní ṣé òun ń pariwo rí ni. Bí a ṣe dé ẹnu géètì ló káṣọ mọ́dìí:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ wá gbọ́ o! Ẹni tó rówó kọ́lé, kò rówó san fún ẹni tó ń gbá a! Ó rówó kun ilé ní ọ̀dà, èyí tó máa fún aláboyún àná ni kò rí!"

"Mùsílímátù, mi ò lóyún."

"Dákẹ́, mo ń gbẹnu sọ fún ẹ ni!"

Marvellous, ọmọ ọdún méjìlá, yọjú lójú fèrèsé òkè, ó na fóònù sí wa, ó ń ká wa sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró. Mummy Marvellous jáde, wọn ò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ẹ ṣeun. Mo ti ń rò ó pé kí n fún un ní ìlàjì. Ariwo yín ti gbé e lọ." Wọ́n ti géètì.

Lójú ọ̀nà Mùsílímátù ní irọ́ ni wọ́n ń pa, kò sí lọ́kàn wọn láti san nǹkan kan. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó ní, "Má bínú. Ẹnu mi ni."

Ìṣẹ́gun, 8 Júlàì

A ò lọ.

Ọjọ́rú, 9 Júlàì

Sístà pè. "Ìyá Àsmá'ù, a retí yín títí." Mo ní ara mi ò yá. Ó ní kí n ṣáà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n máà jẹ́ kí ìyà tó ti jẹ ọmọ náà di àjẹgbé.

Jímọ̀, 11 Júlàì

Roheem ọkọ mi pè láti Jẹ́bbà. Tírélà wọn kú sójú ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀gá wọn ò gbé owó páàtì ọkọ̀ wá, òun gan-an ń jẹ ẹ̀wà àwìn. Ó ní, "Kifah, Màmá ní ẹ kúkú jẹ́ ká fi POP yẹn sílẹ̀, ká máa fi òróró ra á." Mo béèrè pé ìwọ ńkọ́, kí lo rò? Mo ń gbọ́ tí ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Owó tán lórí fóònù rẹ̀.

Àìkú, 13 Júlàì

Ìdí kànga ni Bàbá Fárìndé ti bá mi tí mò ń sunkún. Wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n ń ti ìdí ẹ̀gẹ́ wọn bọ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

"Bí kò bá sẹ́ni tó kú, a jẹ́ pé owó ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò mọ ìgbà. Mo ròyìn iṣẹ́ náà fún wọn, àti ọ̀rọ̀ ìkòkò. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé o ṣiṣẹ́ náà dáadáa?"

"Mo ṣe é dáadáa, Bàbá."

Wọ́n wò mí. Wọ́n gbọn amọ̀ ara ọkọ́ wọn dànù. "Ó dáa. Nígbà tó o bá fẹ́ sọ èyí tó kù, o mọ ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn mi."

Ìṣẹ́gun, 15 Júlàì

Ọjọ́ tó burú jù nìyí látìgbà tí mo ti bí i.

Kò sówó, a ò lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá mo rí i pé àwọn ọmọ ìka tó yọ lẹ́nu POP ti wú, wọ́n sì tutù. Ọmọ ti ń dàgbà, POP ò dàgbà. Mo tẹ Sístà láago. Ó ní kí n má ṣe dúró de owó, kí n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, kí n rẹ ẹsẹ̀ náà sínú ẹ̀ títí á fi rọ̀, kí n rọra máa tú u láti òkè. Bí ìka kò bá pọ́n padà láàárín wákàtí kan, kí n gbé e wá, owó tàbí àìsówó.

Mo gbé e sínú báàfù. Mò ń tú u, mò ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, mò ń ṣi í kà. Omi di funfun bí omi ògì. Òwú náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, awọ ibẹ̀ ti hun jọ. Àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù ló kẹ́yìn. Mo bú sẹ́kún nígbà tí ìyẹn náà pọ́n.

Ìgbà náà ni mo wá wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Bó ṣe jáde nínú POP, ó tọ́ díẹ̀. Mo gbé e lé itan, mo ń wò ó, ó sì ń yí padà sínú díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ dì í mú. Apá mi kú, mi ò fi sílẹ̀. Àsmá'ù ń rẹ́rìn-ín sí mi, ara tù ú, ó rò pé eré ni. Mo ń rò ó pé bí mo bá gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni, ǹ bá ti gbowó mi. Bí mo bá sì tú u sílẹ̀ kí n lè gbá a, wọn ì bá ti rí i. Mo yí i ká yí i ká, ibi kan náà ni mò ń bá ara mi.

Ni mo bá gbé e, láì di ọ̀já, láì fi aṣọ bò ó, mo lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn Bàbá Fárìndé. Mo ní, "Bàbá, mi ò gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó kù nìyí."

Wọ́n gba ẹsẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́. "Kí ló dé tó o fi ń pa á mọ́? Nílé tiwa, àwọn tí òòṣà mọ ẹsẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀ rèé. A kì í fi ẹni òòṣà pamọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ ló dójú ti ẹni tó mọ ọ́n."

Mo ní Astagfirullah nínú mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ rí, yàtọ̀ sí Sístà.

Sátidé, 19 Júlàì

Bàbá ní àwọn á bá mi lọ bẹ Mummy Marvellous, wọ́n wọ dàńṣíkí tí wọ́n ń wọ̀ lọ ìpàdé. Àtẹnu géètì ni wọ́n ti ṣí fìlà. Bí Mummy Marvellous ṣe yọjú, Bàbá ti ń gbé àyà lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Ẹ dìde! Ẹ má fi ọjọ́ orí yín ṣe báyìí fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ la bá wá, a ò bá ìjà wá. Ti ọjọ́sí, àwọn ọmọdé ni."

Wọ́n fún wa ní àga. Wọ́n kó ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí òkú. Bàbá gbé ọ̀kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n yọjú sínú ẹ̀.

"Háà. Ìkòkò yìí mà mọ́ o."

"Bàbá!"

"Ẹ má bínú. Mo kàn ń sọ ohun tójú mi rí ni." Mo rí i tí Mummy Marvellous bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà já.

Wọ́n ka ẹjọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ, wọn ò pa irọ́ kankan mọ́ mi. Bàbá kọjú sí mi. "Kifayah, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò gbá a. Ẹ̀yìn fíríìjì náà, mi ò dé ibẹ̀."

Mo rò pé Mummy Marvellous á fò mọ́ mi. Wọ́n kàn mí kanlẹ̀ ni. "Bàbá, kí n tiẹ̀ sọ òótọ́, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló dùn mí jù. Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ yìí. Mo nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́ kó kàn mí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wá ọmọ kí n tó bí Marvellous. Mo mọ orúkọ tí ilé ọkọ mi ń pè mí nígbà náà. Ọmọdé wá ń bọ̀ nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ó ń pa ọmọ ẹ̀ mọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti sọ fún òun náà ni? Ṣé ó rò pé mo fẹ́ jẹ ọmọ ẹ̀ ni?"

Gbogbo bí mo ṣe ń ṣírò, mi ò rí ìyẹn nínú ẹ̀ rí. Èmi ò mọ̀ pé irú ìyẹn ni mò ń fọwọ́ mi kọ sí wọn lójú.

Bàbá wúkọ́, wọ́n ń wo òrùlé. Wọ́n fẹ́ kí n ṣe é fúnra mi. Mo tú ọ̀já. Mo gbé Àsmá'ù lé ilẹ̀ níwájú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ níta gbangba.

Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. "Láti ìgbà wo?"

"Bí mo ṣe bí i nìyẹn, Mummy. POP ni wọ́n ń dì fún un. Òun ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Owó yẹn la fẹ́ fi ṣe é."

"Òun ló wà lẹ́yìn ẹ tó o fi ń nu táìlì mi?" Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. "Òmùgọ̀ ni ẹ́. Ìwọ lo ní ohun tó ò ń pa mọ́, èmi ni mo wá di àjẹ́!" Omi ti wà lójú wọn, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí wọn, mo rí i. Inú ń bí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Màmá, ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà."

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, kí n ṣe gbogbo ilé pátá bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Bí ó bá mọ́, wọ́n á san án, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ ₦15,000 ìkòkò. Bàbá ní ẹ̀bùn àbúrò kì í ní iye. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀bùn náà sì ń fọ́." Wọ́n ná an síwá sẹ́yìn, wọ́n bọ́ sí ₦12,000.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á síṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkàn mi ò lè gbé e."

Bàbá dé fìlà wọn. "Ìyẹn ò sí nínú ohun tá a wá bẹ̀."

Ajé, 21 Júlàì

Àsmá'ù wà lórí ẹní láti aago mẹ́jọ. Mo fi àyà wọ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yẹtí kan, bàtà ìwẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ₦200 tó ti rún. Èmi àti Marvellous la jọ ti fíríìjì. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá POP máa ń wúwo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti pa fídíò Mùsílímátù rẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́kọ́ fi ran àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an.

Mummy Marvellous dé ní aago méjì. Tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní, "Báyìí ni ilé ṣe ń mọ́," wọ́n sì fi ₦28,000 ránṣẹ́ níbi tí wọ́n dúró sí. Nígbà tí alẹ́ẹ̀tì owó dún lórí fóònù mi, mo wọ ilé ìwẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo sunkún níbẹ̀, mo sì nu ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò nawọ́ ọmọ sí wọn. Àwọn náà ò nawọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́n, wọ́n fi ìka kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ Mùsílímátù kọjá, mo san ₦6,000 rẹ̀. Ó ku ₦22,000.

Ìṣẹ́gun, 22 Júlàì

Sístà kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sọ́wọ́, ó yí i wò, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó ti padà. Kò padà pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti padà débi pé a ò lè ka mẹ́ta ìṣáájú. Láti orí ọ̀kan la tún ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà, láti òní lọ. Ó mú káàdì tuntun, ó kọ "1" sórí ẹ̀.

Mo san ti òní. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi á gbé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì ku owó ọkọ̀ àti gààrí díẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mẹ́rin yòókù á ti wá. Mi ò níṣẹ́. Roheem ò tíì pè padà láti Jẹ́bbà.

Ní Ìwó Road mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìyànà Ọ̀fà. Iwájú ni mo gbé Àsmá'ù sí, mi ò bò ó. Ooru ń mú, POP náà sì ní láti gbẹ. Ìyá kan tó jókòó tì mí, apẹ̀rẹ̀ ata lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wò ó títí a fi kúrò ní gáréèjì.

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Ahọ́n mi fẹ́ sọ pé ó ṣubú ni. Ọmọ oṣù mẹ́rin, níbo ló ti máa ṣubú?

"Bí mo ṣe bí i nìyẹn, Mà. Ó wọ́ ni. Wọ́n ń bá wa tọ́ ọ."

"Háà. Gbé ẹsẹ̀ náà lé mi nítan, kí ilẹ̀kùn yìí má baà gbá a."

Mo gbé e lé e. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú lórí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn, ó ń bá obìnrin ẹ̀yìn wa sọ̀rọ̀ iye tí ata ń lọ. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ó gbé e padà fún mi. POP kò tíì gbẹ tán, ó ti ta funfun rẹ̀ sára ìró aláwọ̀ ewé tó ró. Ó rí i. Kò gbọ̀n ọ́n nù. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù, ó lọ.